Òkè, ẹ̀fọ́ àti ẹja Òkè-Ògùn: gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi èmi àti bàálé mi, ìdáhùn rèé o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà témi àti bàálé mi ti ń sá lọ sí Òkè-Ògùn lọ́jọ́ Sátidé lọ gun òkè, já ẹ̀fọ́, pẹja, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi wá. Ẹni kan dá mi dúró lọ́jà Bódìjà, ẹni kan pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ pé olú tóun rí lẹ́yìn ṣáláńgá òun ṣé ó ṣeé jẹ (rárá, ẹ̀gbọ́n, rárá!). Mo wá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Èmi ìyàwó ni mò ń kọ ọ́ o, ibi tí Dádì wọn bá ti já lu ọ̀rọ̀, màá sọ fún yín.

Níbo gan-an lẹ máa ń lọ?

Adó-Àwáyè la ti ń gun òkè, Ìkéré la ti ń pẹja, ẹ̀fọ́ ní tiẹ̀, ibi tá a bá ti rí i lójú ọ̀nà ni. Agbègbè Ìsẹ́yìn ni gbogbo ẹ̀. Ìbàdàn là ń gbé, torí náà a máa ń gba Mọ́níyà, ká gba Ìjàyè, ká já sí Ìsẹ́yìn. Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn tó nǹkan bíi kìlómítà 65, wọ́n sì ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, kò rí bíi tayé ijọ́sí tí mọ́tò á máa jó bíi ti egúngún. Láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè tún tó nǹkan bí 20. Ìkéré wà lápá ibòmíì, ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti sé odò Ògùn, dáàmù ńlá ni, àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun ló ń bójú tó o.

Odò Ògùn ni mo pè é o, kì í ṣe Ògún onírin. Mo ń sọ èyí torí ẹnì kan ń bi mí pé ṣé àwọn apẹja ibẹ̀ ń fajá bọ odò ni. Yemọja ló ni odò Ògùn, Yemọja kan náà tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ fún létí òkun ní Brazil àti Cuba, odò yìí ló ti gbéra nílé kó tó di pé ó rìnrìn àjò.

Ṣé ọ̀sán kan tó fún gbogbo ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá tètè jí, ó tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, a sùn dáadáa, a jẹ iyán lọ́nà, a dé ẹsẹ̀ òkè láago méjìlá ọ̀sán gangan. Ẹ̀yin èèyàn mi, àpáta yẹn ti gbóná débi pé nígbà tí mo fọwọ́ tì í kí n lè mí, mo sáré gbé ọwọ́ mi bí ẹni tó fi kan ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Dádì wọn ní ká máa lọ, ọkùnrin ni òun. Nígbà tá a máa dé àárín, ó ti jókòó sábẹ́ igi kan tí ò ju ìgbálẹ̀ lọ, ó ní òun ń wo ìlú.

Ní báyìí, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí la ti ń kúrò nílé, ká gun òkè nígbà tí òòrùn ò tíì mú, ká sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá, ká jẹun, ká sinmi, ká já ohun tá a bá fẹ́ já, ká wá dé etí omi láago méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ẹja náà ò fẹ́ràn òòrùn ọ̀sán gangan, ìgbà tó bá rọ̀ díẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìgbà yẹn ló máa ń jẹ ìwọ̀ dáadáa. Aago mẹ́fà, a ti ń palẹ̀ mọ́. A kì í jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá wa létí omi, Naìjíríà náà là ń gbé, ẹ ò ní sọ pé ẹ ò mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò lè tètè jí, ẹ mú ọ̀kan: òkè lọ́tọ̀, odò lọ́tọ̀.

Ṣé òkè yẹn le? Mi ò kì í ṣeré ìdárayá rárá o.

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí i níbẹ̀rẹ̀, ó lé ní 300, ìyẹn ló sì ń pa èèyàn, torí àtẹ̀gùn ò jẹ́ kéèyàn fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ rìn bó ṣe wù ú. Ẹ má bá ara yín sáré. Tẹ́ ẹ bá ti gun nǹkan bí àádọ́ta, ẹ dúró, ẹ mumi, ẹ rẹ́rìn-ín ara yín. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àpáta gbalasa ló kù, ibẹ̀ ló ti dùn. Ẹ ó rí Ìṣàgé, òkúta ràbàtà tó dúró bíi pé tẹ́ ẹ bá sín, á yí wálẹ̀, wọ́n sọ pé ibẹ̀ làwọn àgbà ti máa ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá. Ìtàn ìlú náà sọ pé orí òkè yẹn làwọn baba ńlá wọn ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n wà báyìí. Mo máa ń ro ti obìnrin tó ń pọn omi àti igi gòkè níbẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà yẹn, tòun tọmọ lẹ́yìn, ìgbà tí mo bá rò ó báyìí, mi kì í lè ráhùn mọ́.

Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò tíì dán ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kì í ṣe sílípáàsì, kì í sì í ṣe bàtà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ya fọ́tò. Tí òjò bá ti rọ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹ má gùn ún, àpáta tútù bí ẹní da ọbẹ̀ ilá sílẹ̀ ni.

Ṣé a lè wẹ̀ nínú Ìyáké? Ṣé ẹja wà níbẹ̀?

Adágún omi tó wà lórí òkè yẹn ni Ìyáké, òun gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ju ìwọ̀ sí i, ẹ má fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ pé kò nísàlẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá kó wọ̀ ọ́ ò ní jáde. Bóyá ẹ gbà á gbọ́ o, bóyá ẹ ò gbà á gbọ́, ilé onílé lẹ wà. Dádì wọn béèrè lọ́wọ́ bọ̀dá tó mú wa gòkè pé ṣé wọ́n ti fi okùn wọ̀n ọ́n rí, bọ̀dá yẹn kàn wò ó látòkèdélẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ìlú dání, kẹ́ ẹ sì jọ sọ iye tẹ́ ẹ máa fún un kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ṣé èèyàn lè kàn wọ igbó kó máa já nǹkan? Ta ló ni ín?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wá nìyí, òun lẹ ò sì bi wá tó. Àwa tá a ti pẹ́ ní títì, a rò pé ilẹ̀ tí wọn ò kọ́lé sí, tí wọn ò ṣe fẹ́ǹsì yí ká, kò lólówó. Irọ́ ńlá. Kò sígi tí ò lórúkọ lọ́hùn-ún, èyí tó bá sì ń so nǹkan tó ṣeé jẹ tàbí tó ṣeé tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ò lólówó nínú wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Oṣù kẹta ọdún kan, a rí igi igbá, igi tí wọ́n ń fi èso ẹ̀ ṣe irú, ó so rọ̀gbọ̀dọ̀, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó bá dàgbà sóko mọ̀ pé ìyẹ̀fun yẹ́lò kan wà nínú ẹ̀ tó dùn bíi mílíìkì ẹlẹ́bu tí wọ́n po ṣúgà mọ́. Dádì wọn rántí ìgbà ọmọdé, ó wá igi gígùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, èmi ń ṣà á nílẹ̀, à ń jẹ, à ń rẹ́rìn-ín. Ká tó mọ̀, ìyá kan ti dúró lẹ́yìn wa, agbọ̀n òfìfo lórí. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ mà ń bá mi ká igbá mi.”

Àyà mi já. Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dádì wọn tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, ìyẹ̀fun ti dí i lẹ́nu, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ètè yẹ́lò, ó ń sọ “ẹ má bínú, mà” ìyẹ̀fun ń fò jáde lẹ́nu ẹ̀ bí èéfín. Ẹ̀rín ló gba ìyá yẹn là lọ́wọ́ ìbínú. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ìyá ọkọ òun ló ni igi yẹn, pé oko tó wà níbẹ̀, ẹlòmíì ló ni ín, àmọ́ igi lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀, olúkúlùkù ló sì mọ tiẹ̀. A bá a ká a. Agbọ̀n méjì la kún, ọ̀sán yẹn la ò pẹja rárá. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ó wé irú sínú ewé fún wa, gbogbo inú mọ́tò ń rùn títí a fi dé Mọ́níyà, mi ò sì tíì jẹ irú tó dùn tó yẹn látìgbà náà.

Torí náà: ẹ béèrè. Ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí lóko, ẹ kí i, “ẹ kú oko o, ẹ kú iṣẹ́ òòrùn,” kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Kì í ṣòro. Ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á ní kẹ́ ẹ já a, á tún fi ibi tó ti pọ̀ hàn yín. Tẹ́ ẹ bá sì rí ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo tàbí àjákù bàtà tí wọ́n so mọ́ ara igi, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ máa ní “ó mà dáa o.” Ààlè ni. Olóko ti sọ̀rọ̀ tán, kò sí ìdí kankan láti tún béèrè, ẹ yà fún un.

Ọ̀pẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹmi, tí wọ́n ń fi èkùrọ́ ẹ̀ ṣe òrí, àwọn ìyá máa ń ṣà á lábẹ́ igi nígbà òjò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú díẹ̀, ẹ jẹ ara ẹ̀ tó dùn, kẹ́ ẹ dá kóró ẹ̀ padà síbẹ̀, kóró yẹn lowó wọn.

Ẹ̀fọ́ wo lẹ máa ń já?

Èyí tá a mọ̀ látọwọ́ ìyá wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ebòlò ló pọ̀ jù, ẹ máa rí i nílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tàbí tí wọ́n jó, ó fẹ́ràn eérú. Òórùn ẹ̀ máa ń lé àwọn ọmọ mi kúrò ní kíṣìnì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bọ̀ ọ́ lómi gbóná, kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gúsí sè é, ẹ ó máa lá ìka ni. Yánrin náà wà, èyí tó ń sun oje funfun tẹ́ ẹ bá ja ewé ẹ̀, ó korò díẹ̀. Gbúre máa ń hù níbi tó tutù. Ọ̀dú náà, àmọ́ ẹ dá a mọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó já a.

Orí ewé ni kẹ́ ẹ ti já a, ẹ má hú gbòǹgbò, ọ̀sẹ̀ méjì sí i á tún ti rúwé. Kẹ́ ẹ sì má já ẹ̀fọ́ létí títì tí mọ́tò ń kọjá, tàbí nítòsí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakòríko sí. Ẹ̀fọ́ tí gbogbo èpò tó yí i ká ti pọ́n, tòun nìkan ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyeyè ní tiẹ̀, ẹ kàn ṣà á nílẹ̀ nígbà òjò, ẹ nù ún lára aṣọ, ẹ jẹ ẹ́. Ó máa ń kan débi tójú á fi dì.

Olú ńkọ́?

Gbogbo yín lẹ fẹ́ olú. Ẹ gbọ́ o, olú kì í ṣeré.

Èyí tá a máa ń já ni ti ọ̀gán, tó ń hù níbi tí ikán kọ́lé sí lẹ́yìn òjò ńlá. Ikán gan-an ló ń gbìn ín sínú ilé ẹ̀ nísàlẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ ni, olú wá ń ti ibẹ̀ yọrí sókè. Tẹ́ ẹ bá rọra wa ìdí ẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn wọlẹ̀ lọ bíi gbòǹgbò, títí dé ilé ikán. Olúọ̀rán náà wà, àwọn wẹ́wẹ́ funfun tó máa ń yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bíi pé ẹnì kan da ìrẹsì sílẹ̀. A ò bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn fúnra wa títí ìyá ọkọ mi fi tẹ̀ lé wa lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá yìí á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yí olú náà po lọ́wọ́, á wo abẹ́ ẹ̀, á gbóòórùn ẹ̀, á wo ibi tó ti hù, lẹ́yìn náà á jù ú nù. Mo ní, “Màámi, kí ló ṣe é?” Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n.” Wọn ò sọ pé ó burú o. Wọn ò kàn mọ̀ ọ́n ni.

Gbogbo ẹ̀tàn tẹ́ ẹ ti gbọ́, pé tẹ́ ẹ bá fi àlùbọ́sà sè é tí àlùbọ́sà ò dúdú, ó dáa, pé tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, èèyàn náà lè jẹ ẹ́, pé tẹ́ ẹ bá sè é pẹ́, májèlé á jáde, kò sí òótọ́ nínú ẹ̀. Májèlé inú àwọn kan ò gbọ́ iná rárá. Èyí tó tún burú jù nínú wọn kì í tètè fi ara hàn, èèyàn á jẹ ẹ́ lálẹ́, á sùn, á jí láyọ̀, ìgbà tí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nísàlẹ̀. Tí ẹnì kan bá jẹ olú tí ara ẹ̀ ò dá, ọsibítù tààrà, kẹ́ ẹ mú èyí tó kù nínú ìkòkò dání. Kẹ́ ẹ sì má fi fọ́tò olú ránṣẹ́ sí mi mọ́, mi ò lè fi fọ́tò gbóòórùn.

Ìgbín?

Òru àti ìdájí ni tiẹ̀, lẹ́yìn òjò, ìgbà yẹn àwa ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tá a bá ṣèèṣì rí i, a máa ń mú ńlá, ká fi kékeré sílẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ti dé ara ẹ̀ mọ́nú ìkarahun, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Kí lẹ fi ń pẹja? Ṣé dandan ni kéèyàn ní ọ̀pá òyìnbó?

Dádì wọn ra ọ̀kan tó ń yí bíi ti òyìnbó, owó gidi ló ná an. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, okùn lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà fọ́dún kan, wákàtí kan ààbọ̀ ló fi ń tú u. Èmi fi ọparun, okùn rọ́bà, ìwọ̀ kékeré kan, nọ́ọ̀tì mọ́tò kan tó ń fà á wálẹ̀ àti àjákù sílípáàsì tó ń léfòó, mo ti mú epìyà mẹ́ta kó tó parí. Ọ̀pá yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa báyìí, òun la fi ń já máńgòrò.

Ẹ ra ìwọ̀ púpọ̀, torí kùkùté tó wà nínú omi á gba ìdajì ẹ̀. Ẹ kó gbogbo àjákù okùn yín padà sílé, ẹyẹ àti màlúù máa ń kó sí i.

Kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn apẹja tó wà níbẹ̀. Odò náà lólówó, bí igi igbá yẹn. Wọ́n mọ ibi tí àwọ̀n wọn wà, wọ́n mọ ibi tí omi ti ń fà, wọ́n sì mọ ibi tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ dé. Bàbá tó gbà wá níjọ́ àkọ́kọ́ kàn fọwọ́ juwe abẹ́ igi kan, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má bá mi da àwọ̀n rú.”

Kí lẹ fi ń ṣe ìjẹ?

Ekòló fún àrọ̀, ẹ hú u níbi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹ̀bà tó le dáadáa fún epìyà. Fún òbòkún, àwọn apẹja kan ń lo ọṣẹ ìfọṣọ, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni àfìgbà tí mo fojú mi rí i tí wọ́n gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀ bí ẹni gé ṣúgà.

Ẹja wo lẹ máa ń rí mú?

Epìyà ló pọ̀ jù, àrọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àrọ̀ kì í tètè kú torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, a fi ọ̀kan sínú garawa tí ò lómi púpọ̀ láago márùn-ún, ìgbà tá a dé ilé lálẹ́, ó fò jáde sórí ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ti òbòkún tiẹ̀ tún burú ju tiẹ̀ lọ. Èyí tó bá kéré, ẹ dá a padà, àwọn epìyà kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń kó ọmọ sí, tẹ́ ẹ bá mú ìyá, ẹ ti mú odindi ìdílé.

Ti òjijí ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ̀ Dádì wọn wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fà á, ó wúwo, inú ẹ̀ dùn, ó ń pe mí kí n wá ya fídíò. Ẹja náà yọ, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, kò ní ìpẹ́, àwọ̀ eérú pẹ̀lú àmì dúdú lára, ojú wẹ́wẹ́, ètè bíi ti ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Bàbá apẹja ti òkèèrè pariwo, “Má dì í mú!” Ó ti dì í mú. Ohun tí mo rí ni pé apá ọkọ mi fò sókè fúnra ẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ bùú, fìlà lọ sódò. Ẹja tó ń ṣe iná mànàmáná ni, iná ẹ̀ lè tó fólítì 350 tó bá dàgbà dáadáa. Kì í sábà pa àgbàlagbà, àmọ́ tó bá gbá èèyàn nínú omi, onítọ̀hún lè ṣubú kó sì mumi. Bàbá gé okùn, òjijí lọ sílé ẹ̀ tòun tìwọ̀. Fídíò yẹn wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má fi síta.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹja tó pọ̀ tó ń léfòó, tó ti kú, ẹ má ṣà á, ẹ má rà á. Àwọn èèyàn burúkú kan ń da Gamalin sómi láti fi pa ẹja, oògùn kòkòrò ni, ohun tó pa ẹja ò ní fi ẹni tó jẹ ẹ́ sílẹ̀.

Ṣé a lè wọnú omi?

Àwa kì í wọ̀ ọ́. Omi tó dúró sójú kan, tí koríko hù létí ẹ̀, ìgbín omi kéékèèké máa ń wà níbẹ̀, kòkòrò àtọ̀sí ajá sì ń ti ara ìgbín yẹn jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ pé ẹ wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, oògùn ẹ̀ wà, kò le.

Ejò ńkọ́? Èmi ò lè rí ejò o!

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa fi igi na koríko níwájú, ẹ má sọwọ́ sínú ihò àpáta. Látìgbà tá a ti ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré la rí i, ó sá ju èmi lọ. Tó bá bu ẹnì kan jẹ: ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kó tó wú, ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ yẹn dúró sójú kan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní kíá.

Ohun tó ti jẹ wá níyà ju ejò lọ ni wèrèpè. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, irun ara èso ẹ̀ máa ń fò nínú afẹ́fẹ́. Mo kó sí i lóṣù kìíní, mo họra dé Ìsẹ́yìn. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì kọ́kọ́ da omi sí i. Ìyá kan tó ń ta wàrà lẹ́bàá ọ̀nà ló fi eérú pa mí lára, ó nù ún kúrò, ó tún un ṣe, nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ra wàrà tó kún kúláà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ná an.

Kí lẹ ń gbé dání?

Omi, omi, omi. Lítà mẹ́ta lẹ́nìkan. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ríro nínú kúláà, iyọ̀ àti ata gígún nínú rọ́bà torí a máa ń sun ẹja kan jẹ létí omi, ọ̀bẹ, ìṣáná, apẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀fọ́ (náílọ́ọ̀nù á jẹ́ kó rọ), tọ́ọ̀ṣì, àti owó kéékèèké torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já yín kulẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ṣe tíránsífà.

Ṣé ẹ kì í jà?

A máa ń jà o. Lórí òkè la ti ń jà, torí ẹ̀mí òun yá, tèmi ò yá. Létí odò, a ò lè jà, bàbá yẹn á ní à ń lé ẹja lọ. Wákàtí mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, kòsí táì, kòsí ọmọ, kòsí pé “Mọ́mì, ẹ wo ohun tí Táyé ṣe.” Lọ́jọ́ kan, ó kàn ṣàdédé sọ fún mi pé òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ òun mọ́ láti ọdún méjì. Lójú ìwọ̀ ló ń wò o, kò wo ojú mi. Nílé, kì bá tí sọ ọ́.

Ṣé ẹ lè mú wa dání?

Ẹni méjì péré ló ń wọ mọ́tò wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, tẹ́ ẹ rí ìyá kan lábẹ́ igi igbá tó béèrè bóyá ẹ mọ ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó ń jẹ ìyẹ̀fun, ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ bá mi gba irú wá.